Òkúta Tó Kú Nínú Kámẹ́rà Àwọn Bàbá Wa

Ọ̀nà, omi, ilé ìwé àti ìtàn àwọn baba ńlá wa la sábà máa ń kà níbí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn nǹkan kékeré kan tí kò tóbi ju bọ́tìnnì lọ: bátìrì inú kámẹ́rà àtijọ́. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ eré létí yín. Ẹ ní sùúrù, ẹ gbọ́ ohun tó gbà lọ́wọ́ mi ná.

Fọtogiráfà ni bàbá mi, kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà kẹ́ ẹ. Òpópónà Táíwò ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Nígbà tó kú, tí a pín ẹrù rẹ̀, àpò aláwọ kan ló kàn mí, kámẹ́rà Canonet QL17 G-III sì wà nínú rẹ̀. Ọdún 1972 ni ilé iṣẹ́ Canon ní Japan gbé irú rẹ̀ jáde. Mo gbé e sórí pẹpẹ, mo ń wò ó bí ẹni ń wo fọ́tò bàbá fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ Iléyá kan, gbogbo wa péjọ sílé ìyá àgbà wa ní Pàkátà. Màmá ti dàgbà gan-an, wọ́n jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n da ìborùn funfun bo orí, àwọn ọmọ-ọmọ-ọmọ yí wọn ká. Mo ní lọ́jọ́ òní, n kò ní fi fóònù yà wọ́n, kámẹ́rà bàbá ni màá lò. Mo ti ra fíìmù sílẹ̀. Mo ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe, mo ti ra bátìrì tó bá ihò ìdí kámẹ́rà náà mu gẹ́lẹ́. Mo fi kọ́bọ̀ yí ìdérí rẹ̀ pa. Mo wo inú kámẹ́rà, abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ dìde. Inú mi dùn. Mo ya Màmá títí fíìmù fi tán.

Èkó ni mo fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí kí wọ́n bá mi fọ̀ ọ́. Ohun tó padà wá kò ṣeé fi han èèyàn. Ìborùn Màmá nìkan ló hàn, ó rí bí eérú. Ojú wọn ti wọ inú òkùnkùn lọ, kò sí ẹni tó lè mọ̀ pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kò burú, Iléyá ọdún tó ń bọ̀ la ó tún un yà. Kí Iléyá mìíràn tó dé, Màmá ti lọ bá Ẹlẹ́dàá wọn. Fóònù mi wà lápò mi lọ́jọ́ náà o. N kò yọ ọ́.

Mo gbé kámẹ́rà náà lọ bá àgbà kan tí òun àti bàbá mi jọ kọ́ṣẹ́. Wọ́n ṣí ìdérí ìdí rẹ̀, wọ́n yọ bátìrì náà, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n ní kò sóhun tó ṣe kámẹ́rà, pé oúnjẹ tí mo fún un ni kì í ṣe tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí, òun ni mo sì fẹ́ bá yín pín.

Nígbà tí kámẹ́rà kò mọ ohun tó ń jẹ́ bátìrì

Ọdún 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ fọ́tò fún gbogbo ayé ní ilẹ̀ Faransé. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi dé etíkun tiwa. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń jẹun nídìí rẹ̀. Herzekiah Andrew Shanu, ọmọ Ọ̀tà tí wọ́n bí ní 1858, di fọtogiráfà pàtàkì ní Boma ní ilẹ̀ Kóńgò. Neils Walwin Holm ṣí ilé iṣẹ́ fọ́tò tirẹ̀ ní Èkó ní 1896. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìlọrin ní 1908, ọ̀nà ṣí fún ọjà Èkó láti dé ọ̀dọ̀ wa láàárín ọjọ́ díẹ̀, títí kan kámẹ́rà àti ìwé fọ́tò.

Gbogbo kámẹ́rà ayé ìgbà náà, kò sí èyí tó ń lo bátìrì. Àpótí ni, ojú kan níwájú, fíìmù tàbí gíláàsì lẹ́yìn, àti ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa dé. Sípíríǹgì ló ń ti ìlẹ̀kùn náà. Ẹni tó bá rántí wéètì-àńdì-gẹ́ẹ̀tì, kámẹ́rà onípákó tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ìjọba, yóò rántí pé oníṣẹ́ náà á kàn ti ọwọ́ bọ inú apá aṣọ dúdú tó wà lára àpótí, á fọ fọ́tò nínú ibẹ̀, á sì yọ páásípọ́ọ̀tù jáde lójú ẹsẹ̀. Kò sí iná, kò sí bátìrì.

J. D. 'Okhai Ojeikere, ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí nítorí fọ́tò irun dídì àwọn obìnrin wa, Brownie D ni kámẹ́rà tó kọ́kọ́ rà ní 1950. Àpótí lásán nìyẹn náà. Ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn kó tó lọ sí Èkó, ìgbà tó sì di 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn irun náà.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó? Ojú ni. Ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lábẹ́ ọ̀gá, tó bá jáde síta láàárọ̀, á gbójú sókè, á wo òjìji lórí ilẹ̀, á sì mọ ibi tí yóò yí kámẹ́rà sí. Ìwé pélébé máa ń wà nínú páálí fíìmù, wọ́n yàwòrán oòrùn àti kùrukùru sí i fún ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀gá kì í wò ó.

Bí òkúta ṣe wọ inú kámẹ́rà

Láyé ìgbà kan, àwọn àgbà wa kì í pe bátìrì ní bátìrì. Òkúta ni wọ́n ń pè é: òkúta rédíò, òkúta tọ́ọ̀ṣì, bíi Tiger Head tó ní orí ẹkùn lára. Èyí tó wọ inú kámẹ́rà kéré ju ìyẹn lọ fíìfíì, ìtàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lójú ogun.

Nígbà ogun Hitler, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà nílò bátìrì kékeré tí kò ní bàjẹ́ nínú ooru. Samuel Ruben, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ló ṣe bátìrì tó fi mẹ́kúrì ṣe. Mẹ́kúrì ni irin funfun dídán tó ń ṣàn bí omi, èyí tí ẹ máa ń rí nínú gíláàsì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ìgbóná ara láyé àtijọ́. Ilé iṣẹ́ P. R. Mallory ló gbé e jáde, ilé iṣẹ́ yẹn náà ló sì di Duracell lẹ́yìn ọ̀la.

Ohun tó mú kí àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà fẹ́ràn bátìrì yìí ni pé kì í purọ́. Fóòtì 1.35 ló máa ń mú jáde. Lọ́jọ́ tí ẹ rà á, 1.35. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 1.35. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kú, á kàn kú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ṣiṣẹ́ títí di alẹ́ ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ní àárín ọdún 1960 sí 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú kékeré kan tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ sínú kámẹ́rà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, ó máa ń jẹ́ kí iná bátìrì kọjá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni iná tó ń kọjá ṣe máa pọ̀ tó, abẹ́rẹ́ á sì máa gòkè. Ẹ wá gbọ́ ibi tí wàhálà wà: nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà yìí, abẹ́rẹ́ kò mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ló pọ̀ tàbí agbára bátìrì ló pọ̀. Àwọn tó ṣe é ti gbà pé 1.35 ni bátìrì yóò jẹ́ láéláé. Orí ìyẹn ni wọ́n kọ́ gbogbo ìṣirò wọn lé. Minolta SRT 101 tó jáde ní 1966, Yashica-Mat 124G tó jáde ní 1970, Olympus OM-1 àti Canonet irú ti bàbá mi tó jáde ní 1972, òkúta kan náà tí wọ́n ń pè ní PX625 ni gbogbo wọn ń jẹ.

Ẹ wo bí ìgbà náà ṣe bá tiwa mu. Ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni ìjọba Gowon dá ìpínlẹ̀ méjìlá sílẹ̀, tí Ìlọrin di olú ìlú ìpínlẹ̀ tí a wá ń pè ní Kwara. Ìjọba nílò òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ nílò páásípọ́ọ̀tù. Ní 1975, wọ́n dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ nílò fọ́tò. Àwọn tó ń lọ Mẹ́kà nílò ìwé ìrìnnà, ìwé ìrìnnà kò sì ṣeé gbà láìsí fọ́tò, títí kan àwọn baba tó ti ń sọ pé àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya àwòrán àwọn. Ìgbéyàwó, ìkómọ, wólímátù, gígun ẹṣin lọ́jọ́ ọdún níwájú ààfin Ẹ́mírì Zulkarnaini Gàm̀bàrí, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1959 sí 1992: fọtogiráfà ló kó gbogbo rẹ̀ pa mọ́ fún wa.

Wọn kì í ṣe àwòrán lásán. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó wá ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ àròkọ kan jáde ní 1978 lórí bí Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò. Ó sọ nípa ìbejì tí ọ̀kan ti kú: fọtogiráfà á ya èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, á wá tẹ méjèèjì pọ̀ sórí ìwé kan, kí ìyá lè máa rí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀yin ẹ wò ó, ṣé iṣẹ́ tó ń ṣe irú èyí kéré?

Ìdí tí òkúta náà fi kú

Ní ìlú Minamata ní Japan, ilé iṣẹ́ Chisso ń da omi ẹ̀gbin tó ní mẹ́kúrì sínú òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹja jẹ ẹ́, èèyàn jẹ ẹja. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ojú ń fọ́, ahọ́n ń wúwo, wọ́n ń bí ọmọ tó ní àrùn ọpọlọ láti inú oyún. Ọdún 1956 ni wọ́n tó kéde àìsàn náà ní gbangba. Kì í ṣe bátìrì ló fa ti Minamata o, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ayé ti kọ́gbọ́n pé mẹ́kúrì tí a bá sọ nù kì í lọ. Inú ilẹ̀ àti inú omi ló ń sá pa mọ́ sí, ibẹ̀ ló ń gbà padà sínú ìkòkò ọbẹ̀ wa.

Mẹ́kúrì ló sì kó apá tó pọ̀ nínú ìwọ̀n òkúta kámẹ́rà wọ̀nyẹn. Bí ẹnì kan bá jù ú sórí ààtàn, tí ìdérí rẹ̀ jẹrà, ó di ti omi kànga. Amẹ́ríkà fi òfin dá títà rẹ̀ dúró ní 1996. Nígbà tí ọdún 2000 fi wọlé, ilẹ̀ Yúróòpù náà ti tì í jáde. Ní 2013, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí mẹ́kúrì, wọ́n sì fi orúkọ Minamata pè é. Ó di òfin ní 2017. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 2018. Àdéhùn kan náà yìí ló kan ìpara bíbó àwọ̀ tó ní mẹ́kúrì, èyí tí àwọn èèyàn ṣì ń tà lábẹ́lẹ̀ ní àwọn ọjà wa.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sunkún pé òkúta PX625 ti lọ. Ó yẹ kó lọ. Ṣùgbọ́n òfin tó lé e lọ kò tún kámẹ́rà ṣe. Kámẹ́rà ṣì ń retí 1.35 rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a fi rọ́pò rẹ̀

Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bátìrì tí mo rà lọ́jọ́ Iléyá, aṣọ àgbà ló wọ̀. Ó tóbi bíi ti àtijọ́ gẹ́lẹ́, wọ́n tiẹ̀ kọ 625 sí i lára. Ṣùgbọ́n alikaláìnì ni, fóòtì 1.5 ló ń mú jáde lọ́jọ́ tó bá jẹ́ tuntun, tí yóò sì máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú. Agbára tó pọ̀ ju ti àtijọ́ ló gbé abẹ́rẹ́ sókè. Kámẹ́rà rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pa ojú rẹ̀ dé ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tún wá dá kún un: ìborùn funfun àti àgbàlá tí oòrùn ń ràn sí lẹ́yìn Màmá tan abẹ́rẹ́ náà jẹ sí i. Ẹ̀bi méjì pàdé, wọ́n gbé ojú Màmá lọ.

Ọ̀nà tí ó dára, bí mo ṣe ti wádìí rẹ̀ tí mo sì ti dán an wò, nìyí:

Àkọ́kọ́ ni bátìrì tí àwọn tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa ń fi sínú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, nọ́ńbà 675, tó ní bébà búlúù lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ ló ń mí. Bí ẹ bá ṣí bébà náà, afẹ́fẹ́ á wọlé láti ihò kéékèèké, iná á sì bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bíi 1.4 ló ń mú jáde, kì í sì í lọ sókè sódò. Òun ló sún mọ́ òkúta àtijọ́ jù, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Àléébù rẹ̀ méjì ni. Ó kéré ju ihò lọ, ẹ ní láti fi òrùka rọ́bà tàbí ti bàbà yí i ká kó má baà máa mì. Èkejì, tí ẹ bá ti ṣí bébà rẹ̀, kò sí ìdádúró mọ́. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀ ni, bí ẹ lò ó, bí ẹ kò lò ó. Nígbà ọyẹ́, tí ètè ń là, afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń fa omi inú rẹ̀ gbẹ, á sì tètè kú. Ẹ má ṣí i títí di àárọ̀ ọjọ́ òde.

Èkejì ni bátìrì onífàdákà, SR44, èyí tó ń wọ inú aago àti kalikuléètọ̀. 1.55 ni tirẹ̀, ó ga jù, ṣùgbọ́n kì í rọlẹ̀ bíi ti alikaláìnì. Wọ́n ń ta òrùka irin kan tó ní nǹkan kékeré nínú tó ń fa agbára náà wálẹ̀ sí 1.35. Owó òrùka náà kọjá ti bátìrì lọ dáadáa, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó rà á. Ẹ ṣọ́ra o: SR44 àti LR44 jọ ara wọn bí ìbejì. LR44 ni alikaláìnì. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀kẹta ni ọgbọ́n àwọn tí kò rí èyí méjèèjì: kí wọ́n purọ́ fún kámẹ́rà. Bí fíìmù bá jẹ́ 400, wọ́n á yí i sí 200, kí kámẹ́rà lè ṣí ojú sí i ní ìlọ́po méjì. Ó máa ń ran èèyàn lọ́wọ́ díẹ̀, pàápàá fún fíìmù nẹ́gátíìfù tó lè fara da àṣìṣe. Ṣùgbọ́n àṣìṣe inú oòrùn àti àṣìṣe abẹ́ òjìji kì í dọ́gba, alikaláìnì náà sì ń rọlẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó gbára lé èyí, kó má fi ya ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Kì í ṣe gbogbo kámẹ́rà ló ní ìṣòro yìí. Pentax Spotmatic ti 1964, wọ́n ṣètò inú rẹ̀ débi pé kò fi bẹ́ẹ̀ ka ìyàtọ̀ agbára sí. Yashica Electro 35 ti 1966 ń jẹ òkúta 5.6, ó sì ń gba 6 láìbínú, bí ẹ bá ti lè fi nǹkan há a kó má mì. Pentax K1000 ti 1976, òkúta òde òní ni wọ́n ṣe é fún láti ilẹ̀. Olympus Trip 35 àti Zenit E kò nílò òkúta kankan. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ wọn. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ orúkọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: bí ẹ bá ṣí ìdí kámẹ́rà àtijọ́ tí ẹ bá òkúta tó ti jẹrà tàbí tó ní ìpara funfun lára, ó lè jẹ́ ti mẹ́kúrì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Ẹ má sun ún níná, nítorí èéfín mẹ́kúrì burú ju mẹ́kúrì lọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi í sínú ìgò tó ní ìdérí, ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, ẹ má sì dà á sórí ààtàn.

Òkúta kì í ṣe ojú

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tí àgbà náà sọ fún mi kẹ́yìn. Kámẹ́rà bàbá rẹ, bátìrì abẹ́rẹ́ rẹ̀ nìkan ló kú. Yọ ọ́ kúrò, yí ojú rẹ̀ fúnra rẹ, yóò yàwòrán. Òótọ́ sì ni. Sípíríǹgì ló ń ṣí ìlẹ̀kùn Canonet náà. Bátìrì kò ní ohun kan ṣe níbẹ̀ àfi kó máa wọn ìmọ́lẹ̀.

Wọ́n wá kọ́ mi ní ohun tí mo yẹ kí n ti kọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Nínú oòrùn gangan, tí òjìji bá dúdú, ojú kámẹ́rà á wà ní 16, ìyára á bá nọ́ńbà fíìmù dọ́gba: fíìmù 100, ìyára 125 tó sún mọ́ ọn jù, fíìmù 400, ìyára 500. Bí eruku ọyẹ́ bá bo oòrùn, tí òjìji kò mú mọ́, 11. Bí kùrukùru bá bo ojú ọ̀run, 8 tàbí 5.6. Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí Màmá jókòó sí lọ́jọ́ náà, 4. Mo wo inú ìwé tí mo kọ nǹkan sí lọ́jọ́ Iléyá: 11 ni abẹ́rẹ́ mú fún mi. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti 4 sí 11 jẹ́ ìpele mẹ́ta, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ìmọ́lẹ̀ tó yẹ ló wọlé. Ká ní mo mọ nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn, 4, ojú Màmá ì bá wà lórí ògiri mi lónìí.

Ní Bamako ní orílẹ̀-èdè Mali, Malick Sidibé ya àwọn ọ̀dọ́ ìlú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì fi àmì ẹ̀yẹ ńlá dá a lọ́lá ní Venice ní 2007. Ohun tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ tún mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé ó ń tún kámẹ́rà ṣe. Pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún kámẹ́rà àtijọ́. Ó kú ní 2016. Ìlọrin náà ní irú wọn. Wọ́n wà ní Òpópónà Táíwò, ní Báboko, ní Sábó Òkè, ní Ọjà Ọba. Ọ̀pọ̀ ti ti ṣọ́ọ̀bù pa nígbà tí fóònù dé. Àwọn míì ti kú, àwọn ọmọ sì ti da àpótí nẹ́gátíìfù wọn nù láti fi yàrá gba ayálégbé.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n bí a kò bá bi àgbà léèrè, kí ló fẹ́ ṣe? Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀ka wa tó wà ní ìdálẹ̀.

Ìkínní, kí olúkúlùkù wo àjà ilé bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá rí nẹ́gátíìfù, ẹ má dà á nù. Ẹ gbé e kúrò níbi ọ̀rinrin àti ooru. Ẹ lè gbé e lé ojú fóònù tó ń tàn funfun, kí ẹ fi fóònù mìíràn yà á. Ìyẹn ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ kí ẹni tó mọ̀ wọ́n tó lọ.

Ìkejì, kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ti ń ra kámẹ́rà onífíìmù káàkiri lọ jókòó ti àwọn fọtogiráfà àgbà. Kì í ṣe láti ra kámẹ́rà lọ́wọ́ wọn ní owó pọ́ọ́kú o. Láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ìmọ́lẹ̀ ni.

Ìkẹta, kí ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà rántí wa bí ẹ bá ń bọ̀ wálé. Òrùka irin tí mo sọ yẹn kò wúwo ju kọ́bọ̀ lọ. Ẹ̀bùn tó dára ni fún bàbá arúgbó kan tí kámẹ́rà rẹ̀ ti sùn láti ogún ọdún.

Mo ti fi bátìrì 675 sínú Canonet bàbá mi báyìí, mo fi rọ́bà yí i ká. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń sọ òótọ́. Síbẹ̀, kí n tó wo abẹ́rẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ wo òjìji lórí ilẹ̀, mo máa ń sọ nọ́ńbà tèmi jáde lẹ́nu. Bí àwa méjèèjì bá gbà, mo ń tẹ̀ ẹ́. Bí a kò bá gbà, ojú mi ni mo ń tẹ̀ lé. Bí Iléyá bá sì dé, mo ń fi fóònù yà á pẹ̀lú.

Ọlọ́hun á jẹ́ kí a jọ ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Kó má jẹ́ kí ìlú wa bàjẹ́ lójú wa. Àmín.